Ṣé lọ́fínńdà lè jẹ́ àwúre? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláṣọ-Òkè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi lè pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Ìyá tó bí ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í lọ sọ́jà láìfi bíńtù kan ẹ̀yìn etí. Ìgò kékeré yẹn tí àwòrán ọmọbìnrin wà lára rẹ̀. Wọ́n á dà á sí orí ìka kan ṣoṣo, wọ́n á fi kan ẹ̀yìn etí ọ̀tún, wọ́n á fi kan tòsì, wọ́n á wá fi èyí tó bá kù nu àtẹ́lẹwọ́. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ṣe é tán. Tí a bá kúnlẹ̀ kí wọn, orí ni wọ́n máa mì. Tí wọ́n bá dé ìsọ̀, ọjà ń tà ni.

Wọ́n pè mí fún íńtáfíù l'Ékòó, oṣù tó ń bọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan. Méjì àkọ́kọ́, ohùn há mi lọ́fun, mo ń wo ẹnu ara mi bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Mo wá ń rò ó pé kí n ṣe ohun tí màmá àgbà máa ń ṣe. N ò fẹ́ lọ bá babaláwo, n ò fẹ́ lọ bá alfa, n ò sì fẹ́ kí pásítọ̀ wa gbọ́. Mo kàn fẹ́ òórùn kan tó jẹ́ tèmi, tó jẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọkàn mi á balẹ̀. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Irú èwo ni kí n rà, báwo ni kí n ṣe lò ó, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rí-Dà

Lọ ka ohun tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe. Lọ́fínńdà kọ́ ló máa bá ọ dáhùn ìbéèrè.

Ìyá Oníturàrí

Ẹ̀rí-Dà, ta ló sọ pé kò ní í kàwé? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ mí.

Ọmọ mi, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta tùràrí àti òróró lọ́fínńdà n'Ílọrin, ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí màmá àgbà ń ṣe yẹn, má rò pé inú ìgò ló wà. Tún un rò wò: ìka kan, etí ọ̀tún, etí òsì, àtẹ́lẹwọ́, ẹnu dídì. Láràárọ̀, fún bóyá ogójì ọdún. Tí òórùn yẹn bá ti kan imú wọn báyìí, gbogbo ara wọn ti mọ̀ pé ọjà yá, kò sí àyà tó ń já mọ́. Ìwọ wàyí, tí o bá rà á lónìí tí o fi lọ síbi íńtáfíù lọ́la, òórùn lásán ni. Kò mọ̀ ọ́n rí. Òórùn dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun, o máa rán an lọ, o máa rán an bọ̀, kó tó mojú ilé.

O ní oṣù kan, ó tó. Ra òórùn kan tí o ò lò rí, tí kò rán ọ létí ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́, tí kò sì rán ọ létí ṣọ́ọ̀ṣì. Lálaalẹ́, tí o bá wẹ̀ tán, tí omi ò tíì gbẹ tán lára, fi òrí díẹ̀ pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí, kí o wá kán òróró náà lé e. Òrí ló máa dì í mú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí awọ ara gbẹ táútáú tí kì í gba lọ́fínńdà dúró. Jókòó. Mí kanlẹ̀. Sọ ẹni tí o jẹ́ jáde lẹ́nu, iṣẹ́ tí o mọ̀ ọ́n ṣe, ìdáhùn tí o máa fún wọn. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bó bá ti parí, dé ìgò náà kí o gbé e pamọ́. Má fi lọ òde àríyá. Má ṣe fi jà. Tí o bá wọ̀ ọ́ bá ọkùnrin kan ṣe fàá-ká-já-a lẹ́ẹ̀kan péré, o ti bà á jẹ́ nìyẹn, lọ ra òmíràn.

Ní ti bíńtù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló rò pé ọwọ́ àwọn Hausa ni wọ́n ti ń po ó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ W. J. Bush ti London ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1920, Sudan ni wọ́n sì ṣe é fún. Bint el Sudan, ìyẹn ọmọbìnrin Sudan, ni Lárúbáwá ń pè é, àwa la sọ ọ́ di bíńtù. Kò sí ọtí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí fi fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ó le o! Nínú yàrá tí wọ́n ti pa, tí éṣì ń fẹ́, ẹ̀kán mẹ́ta á ti fọ́ ọ̀gá lórí kí o tó jókòó. Tí o bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ̀kán kan, sí abẹ́ aṣọ.

Tí o kò bá fẹ́ kí ó kan ara rẹ rárá, aṣọ ni kí o fi tùràrí sí. Àwọn ará Borno ló mọ èyí jù, ṣẹ́ṣẹ́ igi tí wọ́n rẹ sínú òróró olóòórùn dídùn ni wọ́n ń jó lórí ẹyin iná, turaren wuta ni wọ́n ń pè é. Da agbọ̀n borí ìkòkò èéfín, tẹ́ aṣọ tí o máa wọ̀ lé agbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní í pariwo, ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé apá báyìí, o máa gbọ́ ọ. Ìwọ nìkan. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju ìgò lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ ẹyin iná yẹn ni mo fẹ́ dá sí. Kí ẹnikẹ́ni má jó èédú nínú yàrá tó ti pa. Èéfín èédú ní afẹ́fẹ́ olóró kan, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn kankan. Ẹ ò rí i pé nígbà tí ẹ ń gbádùn tùràrí, èyí tó lè pa yín kò rùn sí yín rárá. Ẹ̀yìnkùlé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá ń gbé inú ilé náà, ẹ má ṣe é níbẹ̀.

Ẹ dán òróró tuntun wò sí inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ara tó bá yún tàbí tó pọ́n ti dáhùn nìyẹn. Àwọn tó máa ń fún òrombó wẹ́wẹ́ sínú lọ́fínńdà wọn kí ó lè "mú orí pé", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jáde sínú oòrùn. Omi òrombó lára àti oòrùn lórí rẹ̀, ó máa ń jó awọ ara bí iná, àpá rẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ti rí i lọ́rùn ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Èyí tó ká mi lára jù ò kan onílé gan-an, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Káńfọ̀ oníhóró funfun, naphthalene gan-an ni, tí à ń kó sínú àpótí aṣọ kí ó lè máa ta sánsán, ẹ má kó o sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń mú jù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ sínú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, tí wọn ò bá sì tètè gbé e dé ọsibítù, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Màmá àgbà a gbé aṣọ ìkómọ jáde látinú àpótí tìfẹ́tìfẹ́, wọn ò mọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ má fi káńfọ̀ sí i mọ́.

Alfa Kékeré

Salamu aleykum. Ànábì fẹ́ràn òórùn dídùn, ẹni tó bá wẹ̀ tó sì fi lọ́fínńdà para lọ kírun Jímọ̀ ń tẹ̀lé sunnah ni. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ní ìgò ló fún òun níṣẹ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ti lọ Mẹ́kà á mọ ohun tí mo ń sọ: bí o bá ti wọ ìhùrámù, kò sí lọ́fínńdà mọ́, kò sí òórùn tí o fi ń yangàn. Ìwọ àti òógùn rẹ ni. Ọlọ́run sì ń gbọ́ àdúà rẹ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè

Alfa, mo gbọ́, ẹ ṣé. Nọ́ọ̀sì, mo ti sáré lọ kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi tó wà nínú oyún. Ó ní mo ń ya wèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ní lọ́fínńdà gbétugbétù, pé tí mo bá fín in, ohunkóhun tí mo bá sọ fún ọ̀gá ló máa ṣe. Ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì náírà. Ṣé irọ́ ni?

Ọmọ Lẹ́kulẹ́ja

Irọ́ ni, àbúrò. Ìdí ìsọ̀ bàbá mi ni mo dàgbà sí ní Bódè, n'Ìbàdàn, láàárín ewé, egbò àti orí ẹranko. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé lọ́fínńdà wá, "Bàbá, ẹ bá mi fi nǹkan sí i." Ohun tí bàbá máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ni òórùn náà fẹ́ kàn. Tó bá jẹ́ ìwọ alára, kí ọjà rẹ tà, kí ojú rẹ fani mọ́ra, wọ́n á gbọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ láti fi dè ẹlòmíì mọ́lẹ̀, ọkọ ọlọ́kọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́, wọ́n á ní kí o máa lọ. Èyí tó bá ń dè ènìyàn, wọ́n ní okùn rẹ̀ ní orí méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ nípa àwúre ni pé ewé kì í dá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ló ń jí i. Ẹ fetí sí ọfọ̀ dáadáa, orúkọ ewé ni wọ́n fi ń dárà: rinrin ní kí ọ̀nà ẹni rin gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ní kí ẹni má tẹ́ láwùjọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, tó kàn ra ìgò lórí fóònù, ta ló máa bá a pe ewé?

Èyí tí o lè ṣe fúnra rẹ láìná kọ́bọ̀: já ẹfinrin tútù bí ẹ̀kúnwọ́ méjì, fọ̀ ọ́, fi omi gbo ó títí omi á fi dúdú, sẹ́ ẹ. Fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, kí o fi omi ẹfinrin ṣan ara kẹ́yìn, kí o má nù ún. Ọjọ́ yẹn náà ni kí o lò ó tán, tó bá di ọjọ́ kejì á ti kan. Bí o ti ń dà á sára, sọ ohun tí o fẹ́. Ní Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ orí yín, kí ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí lára.

Onísùúrù

Èmi ra gbétugbétù yẹn, ẹ má béèrè ọ̀dọ̀ ta ni. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn. Ìgò dé, ó jọ ojúlówó, ó ń rùn bí bọ́dì sípíréè ọmọ iléèwé. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àkùkọ kọ kí n tó fín in. Ọ̀gá tí mo tìtorí rẹ̀ rà á sín nígbà mẹ́rin, ó ní kí n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọmọ Dòsùmú

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń tà á ní Dòsùmú, l'Ékòó Ìsàlẹ̀, sọ bí a ṣe ń rà á, nítorí ibẹ̀ ni owó ń sọnù sí.

Ohun tó wà nínú ìgò tí à ń fín ni ọtí àti òróró. Ibi tí wọ́n bá ti kọ eau de toilette, òróró olóòórùn tó wà níbẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Eau de parfum, bíi 15 sí 20. Èyí tó kù, ọtí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òróró tí à ń tà ní wòròwòrò sínú ìgò kéékèèké, tí àwọn oníbàárà ń pè ní àìlábùlà, ìyẹn ń pẹ́ lára, kì í sì í fò lọ kíá. Fún irú nǹkan tí Ọmọ Aláṣọ-Òkè fẹ́, òróró ni kó rà. Ìgò kékeré tó wọ àpò.

Má rà á lójú ẹsẹ̀ tí o bá gbọ́ ọ. Òórùn tó kọ́kọ́ jáde, bí ọsàn bí ewé, máa ń lọ kí ìdajì wákàtí tó pé. Èyí tó wà lábẹ́ ni ìwọ àti òun máa jọ gbé: igi sàńdàlì, mísìkì, fànílà, oje igi. Kán an sọ́wọ́, lọ jẹun, lọ san owó iná, padà wá. Tí o bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ra á. Má gbé e sójú fèrèsé, oòrùn máa ń pa á. Inú àpótí tó ṣókùnkùn ni kó máa gbé.

Aláìwọbàtà

Ará Sẹ̀lẹ́ ni mí, orúkọ mi ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fojú pa wá rẹ́, àwa la ní lọ́fínńdà. Láti ọjọ́ tí Wòlíì Oshoffa ti dá ìjọ sílẹ̀ ní Porto-Novo, 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, àbẹ́là, tùràrí, omi àti lọ́fínńdà kì í jìnnà sí wa. Saint Michel ni ìgò tí ẹ máa rí jù lọ́wọ́ wa. Màmá mi máa ń da díẹ̀ sínú omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí, wọ́n á fi wọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, Sáàmù ò ní í kúrò lẹ́nu wọn. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn nínú ọkọ̀, mo máa ń bá ara mi níbi tí mo ti fẹ́ kúnlẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi, iná ni. Àbúrò mi fín lọ́fínńdà sára sùtánà, ó sì nawọ́ tan àbẹ́là kó tó gbẹ. Ọtí ni, ẹ rántí. Ọwọ́ aṣọ gbiná. Ọlọ́run yọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló jó. Ẹ jẹ́ kí lọ́fínńdà gbẹ tán kí ẹ tó sún mọ́ àbẹ́là tàbí sítóòfù.

Tíṣà ní Bàhíà

Ẹ kú ìjókòó o. Salvador, ní Brazil, ni mo wà, Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yín yìí, ibí ló ti dé góńgó.

Lọ́fínńdà tí à ń pè yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni, lavender, ewéko kan tó ní òdòdó elésè àlùkò. Omi lavender ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ gbé wá fún wa, la bá fi ń pe gbogbo olóòórùn dídùn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó dé ibí di òórùn kan náà mú, alfazema ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo òkun láàárín wa, òórùn kan náà ni. Oṣù kìíní ọdọọdún, àwọn ìyá tó wọ aṣọ funfun báláú máa ń gbé omi olóòórùn dídùn sínú ìkòkò lọ fi fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Ojú Òòṣàálá ni wọ́n fi ń wo Jésù, Olúwa Bonfim tó ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀rọ̀ funfun àti omi ò sì ṣẹ̀yìn Òòṣàálá. Wọ́n á dà á sórí àwọn èrò, ènìyàn á máa tẹ orí síwájú kí ó lè kàn án. Ní 2 oṣù kejì, etíkun Rio Vermelho ni, agbọ̀n òdòdó, ọṣẹ, dígí àti ìgò lọ́fínńdà ni wọ́n fi ń rán ọkọ̀ ojú omi sí Yemọja.

Èyí tó mú mi fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ohun tí Ọmọ Lẹ́kulẹ́ja sọ, pé ọ̀rọ̀ ló ń jí ewé. Ẹgbẹ́ kan wà níbí, Filhos de Gandhy, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló dá a sílẹ̀ ní 1949. Nígbà Carnival, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú láwàní funfun, ìgò alfazema lọ́wọ́, wọ́n á máa fín in sára ẹni tó bá kọjá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, afoxé ni orúkọ rẹ̀. Àfọ̀ṣẹ ni o, ẹ̀yin ará! Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ tó sì ṣẹ ni, ọ̀kan nínú wọn kàn dákẹ́, ó ní bàbá òun ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti kékeré, kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun rí.

Àwọn ti Cuba ní tiwọn, Agua de Florida ni. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á bu ú sọ́wọ́, wọ́n á fi gbọn orí àti èjìká bí ẹni ń gbọn eruku nù. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé òkú tàbí ọsibítù ló ń ṣe é jù.

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rí-Dà

Mo padà dé. Mo lọ kà díẹ̀ kí n lè bá yín jà, mo wá rí i pé Ìyá Oníturàrí ló jàre.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ gba ibùdó kan nínú ọpọlọ kọjá kí ó tó lọ síbi tí ó ń lọ. Òórùn kì í dúró gba àyè níbẹ̀. Àtimú, ó ti dé apá ọpọlọ tó ń bójú tó ìbẹ̀rù àti ayọ̀, àti èyí tó ń pa ìrántí mọ́. Richard Axel àti Linda Buck ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004 lórí bí imú ṣe ń dá òórùn mọ̀. Bí irinwó oríṣi agbòórùn ló wà nínú imú wa. Òórùn tí a bá so mọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ léraléra lè fa ìfọ̀kànbalẹ̀ náà jáde lẹ́yìn náà. Ẹ pè é ní àwúre tí ẹ bá fẹ́, n ò ní bá yín jà mọ́.

Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, imú ẹni kì í gbọ́ òórùn ara ẹni mọ́. Ó ṣì wà, imú ló ti sú. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fín in lé e, tí wọ́n fi ń pa ará ọ́fíìsì. Kó kán an sára hánkáṣíìfù, kó ká a sínú báàgì, kó yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ṣadé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, n ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi lọ ní ọdún méje sẹ́yìn. Gèlè rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, lọ́fínńdà, àtíkè àti irun orí. Lọ́jọ́ Àjíǹde ọdọọdún ni mo máa ń ṣí àpótí náà. Mo máa ń fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń pa á dé kíá, kí ó má baà tán. Lọ́dún yìí ó ti fẹ́ẹ́ lọ. Ọmọ mi ní kí n ra irú lọ́fínńdà náà kí n fín in sí i. Mo rà á. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, n ò lè fín in. Ó dà bí ìgbà tí mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ bí a ṣe ń tọ́jú òórùn?

Ìyá Oníturàrí

Bàbá Ṣadé, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má fín in o, ẹ ṣé tí ẹ ò fín in.

Ẹ mú u kúrò nínú àpótí onígi, igi ń fa òórùn mu. Ẹ wá ìgò dígí ńlá tó ní ọmọrí tó ń dé mọ́ra ṣinṣin, tí ẹ̀yin tàbí ẹlòmíì ò fi kó ohunkóhun rí, ẹ ká gèlè náà sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù tó ṣókùnkùn. Ẹ má fi ọwọ́ tó ní ìpara kàn án. Lọ́fínńdà tuntun tí ẹ rà, aṣọ mìíràn ni kí ẹ fín in sí, tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní oníbàárà kan tí ọkọ rẹ̀ kú, ìrọ̀rí tirẹ̀ ló ń fi ti ọkọ sí lójoojúmọ́, ó ní òun ń sùn. N ò lè sọ fún yín pé ti inú gèlè ò ní í lọ. Á pẹ́ díẹ̀ sí i.

Bàbá Ṣadé

Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo ní ìgò dígí kan, bóńbómbó ọmọ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Oníturàrí

Ẹ má lo ìyẹn, á máa rùn bóńbómbó. Ẹ ra tuntun, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ sá a kó gbẹ.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti lọ mo ti bọ̀.

Òróró kan tó jọ kànáfùrù àti sàńdàlì ni mo rà, mo gbé e lọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́ta bí Ọmọ Dòsùmú ṣe wí, mo pààrọ̀ méjì kí n tó rí èyí tó wù mí. Alẹ́ mẹ́rìnlélógún ni mo jókòó tì í. Alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń ṣe mí bí ẹ̀fẹ̀. Ní bí alẹ́ kẹwàá, mo ṣí ìgò, èjìká mi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ti ìyẹn pàápàá bà mí díẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo fi omi ẹfinrin ṣan ara, mo sọ tẹnu mi ní Yorùbá, ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kan ògiri, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Mo wọ danfó, ẹ wá wo Ẹlẹ́dàá mi: ìyá ẹlẹ́ja gbígbẹ jókòó tì mí láti Ọ̀jọ́ta dé Ọbaléńdé, agbọ̀n rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Kànáfùrù wo? Nígbà tí mo fi bọ́ọ́lẹ̀, ẹja ni mí látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo yọ hánkáṣíìfù Ẹ̀rí-Dà lẹ́nu ọ̀nà, mo dì í mọ́ imú, mo ka orúkọ mi sínú rẹ̀. Mo wọlé. Ohùn mi jáde. Wọ́n bi mí ní nǹkan kan tí n ò mọ̀, mo ní n ò mọ̀ ọ́n, àyà mi ò já.

Èsì ò tíì dé. Nǹkan mìíràn ni mo wá béèrè. Hánkáṣíìfù yẹn ti fi òróró kan àpò ẹ̀wù funfun mi, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi, kò sì mọ̀. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Oníturàrí

Má tíì lọ̀ ọ́ o! Bí áyọ́ọ̀nù bá ti kàn án, ó ti di tirẹ̀ títí láé. Bu àtíkè lé ojú ibẹ̀ kó nípọn, fi sílẹ̀ mọ́jú, kó lè fa òróró náà mu. Gbọn ọ́n nù láàárọ̀, fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ra á, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi ṣàn án. Tó bá ṣì kù, tún un ṣe.

Onísùúrù

Kí o sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè

Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bímọ ná.